Agric Engineering ní Ògbómọ̀ṣọ́: ọdún 5, ṣé ó tó owó rẹ̀?

Tí JAMB bá gbé Agric Engineering fún ọmọ, ìbéèrè tí àwọn òbí kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Ṣé ebè kíkọ náà ni wọ́n tún ń lọ kọ́ ní yunifásítì?" Ó pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń ba ọjà kọ́ọ̀sì yìí jẹ́. Ọmọ tó fẹ́ dáko á wọlé síbẹ̀, ìṣirò á lé e jáde. Ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò àti irin á sì máa sá fún un, nítorí pé wọ́n dárúkọ àgbẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí àyẹ̀wò yìí fẹ́ wò kò ju ẹyọ kan lọ: bí èèyàn bá ná ọdún 5 àti owó òbí rẹ̀ sórí ẹ̀kọ́ yìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ni yóò mú jáde, ta ni yóò sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Yunifásítì tó wà ní ìlú náà ni Ladoke Akintola University of Technology, LAUTECH lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà kan, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ni wọ́n sì padà fi pè é. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló jọ ni ín tẹ́lẹ̀; láti òpin ọdún 2020, Ọ̀yọ́ nìkan ló ni ín. Abẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ni Agric Engineering wà níbẹ̀, kò sí lábẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yé, ó ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ìdajì tó kù ni ohun tí wọ́n ń kọ́. Apá 4 ló ní. Èkíní ni agbára àti ẹ̀rọ oko: tírákítọ̀, ohun èlò ìtúlẹ̀, ẹ̀rọ ìgbìn àti ti ìkórè. Èkejì ni ilẹ̀ àti omi: ìbomirin, ìdídò, ọ̀gbàrá àti bí a ṣe ń dá a dúró. Ẹ̀kẹta ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irè lẹ́yìn ìkórè: bíbó, rírin, gbígbẹ, fífipamọ́. Ẹ̀kẹrin ni ilé ẹran ọ̀sìn, àká, àti afẹ́fẹ́ inú wọn. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó yunifásítì, gbé jáde, orúkọ rẹ̀ ti di Agricultural and Biosystems Engineering. Orúkọ gígùn ni, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ lọ gba másítà lókè òkun, torí pé "Biosystems" ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ń jẹ́ báyìí.

Wíwọlé kò le tó ti Mechanical. Ní JAMB, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì ni. Ní WAEC tàbí NECO, kírẹ́díìtì 5 ni, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. A tí ọmọ gbà nínú Agricultural Science kò lè dúró fún físíìsì. Ẹni tó ti ní ND tó dára láti pólì lè gba Direct Entry bọ́ sí ọdún kejì, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń fakọ yọ ní wọ́kṣọ́ọ̀pù, torí ọwọ́ wọn ti kan irin rí. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ tó wà ní kíláàsì kò yàn án: Mechanical tàbí Electrical ni wọ́n kọ, máàkì ò gbé wọn débẹ̀, wọ́n bá tì wọ́n síbí. Èyí kò burú. Ohun tó burú ni kí ọmọ fi ọdún méjì àkọ́kọ́ máa wá ọ̀nà àtikúrò, kó máa pa kíláàsì jẹ, kó wá di ọdún kẹta kó tó gbà pé ibí lòun wà.

Ìdí tí ìyẹn fi ń pa èèyàn lára rèé. Máàkì ọdún kìíní àti ti ọdún kejì wúwo bákan náà pẹ̀lú ti ìparí. Ká ní gbogbo kọ́ọ̀sì jẹ́ yúníìtì 180, tí ọmọ sì ti ṣe 80 nínú rẹ̀ pẹ̀lú CGPA (ìpíndọ́gba máàkì) 2.30 nínú 5.00. Kó tó lè fi 3.50 jáde, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ Second Class Upper, àfi kó máa gba 4.46 nínú yúníìtì 100 tó kù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gba irú rẹ̀ láti ọdún kìíní dé ìparí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń fi 3.50 yẹn ṣe asẹ́.

Ọdún kìíní kò ní nǹkan àgbẹ̀ kankan nínú: ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì, yíya àwòrán ẹ̀rọ. Ọdún kejì ni igi ń wó: ìṣirò ẹnjiníà, thermodynamics (ìmọ̀ ooru àti agbára), ìṣàn omi, agbára irin. Òye kì í sábà jẹ́ ìṣòro. Ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń há sórí lálẹ́ ọjọ́ ìdánwò ló ń ṣe wọ́n. Ìṣirò kì í ṣeé há sórí. Wákàtí kan lójoojúmọ́ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ sàn ju òru mẹ́ta tí a fi ojú kà á lọ. Yíya àwòrán náà, ẹ má fojú kékeré wò ó: ẹni tí kò bá lè wo àwòrán kó rí ẹ̀rọ, jórinjórin ló máa padà sọ fún un bí ẹ̀rọ tòun fúnra rẹ̀ ṣe máa rí.

Láti ọdún kẹta lowó tí a ná bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, ibẹ̀ sì ni Ògbómọ̀ṣọ́ ti ju ọ̀pọ̀ ìlú yunifásítì lọ. Ìlú ẹ̀gẹ́, kaṣú, máńgòrò àti àgbàdo ni. Ẹni tó bá jáde ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, tó gba ọ̀nà abúlé díẹ̀, á gbúròó ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi ń rin gàrí kó tó rí ilé rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ sí bọ́ọ̀dù ní kíláàsì wà níbẹ̀ láàyè, tó ń pariwo, tó ń bàjẹ́, tó sì ń pa owó.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́. Ká ní ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì irú Lister, èyí tó ní àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ń yí ní ìgbà 650 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí púlì orí rẹ̀ (kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń gbà yí) bá jẹ́ íńṣì 12, tí púlì ìlù tó ń rin ẹ̀gẹ́ sì jẹ́ íńṣì 6, ìlù á máa yí ní ìgbà 1,300: ẹ sọ 650 di ọ̀nà 12, kí ẹ fi 6 pín in. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lè ṣe é. Ọjọ́ tí dísẹ́ẹ̀lì bá kú ni wàhálà ń dé. Oníléeṣẹ́ á ra ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù kékeré, èyí tó lè yí tó ìgbà 3,600, wọ́n á sì ní kí wọ́n kan púlì àtijọ́ mọ́ ọn. Ẹ tún ìṣirò ṣe: 3,600 lọ́nà 12, ẹ fi 6 pín in, 7,200. Ẹ̀rọ náà ò ní dé iye yẹn. Bíárìn (ohun tí ọ̀pá ìlù ń yí nínú rẹ̀) á ti gbóná, páànù tí wọ́n lu ihò sí á ti ya kúrò lára ìlù, ìyá tó ń ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu rẹ̀ ló sì jókòó síwájú ewu. Púlì íńṣì 3 lórí ẹ́ńjìnì àti íńṣì 8 lórí ìlù ló yẹ é: 1,350, a padà síbi tí a wà. Owó púlì méjì ló dáàbò bo ọwọ́ èèyàn.

Bẹ́líìtì ńkọ́? Tó bá dẹ̀, á máa yọ̀, á máa rùn bíi rọ́bà tó ń jóná, ìlù á sì dúró tí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Tó bá le jù, bíárìn ló ń jẹ. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ àárín rẹ̀: ó yẹ kó rẹlẹ̀ díẹ̀, kó má dùn bí okùn gìtá, kó má sì fì bí okùn aṣọ. Ẹ na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ púlì kan dé èkejì. Bí kò bá kan ojú méjèèjì pátápátá, wọn kò wà lójú ìlà kan náà, ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́líìtì náà á sì tètè jẹ. Lórí ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá tó gbé ìlù, tó jẹ́ mílímítà 30, bíárìn UCP 206 ló bá a mu. Ohun tó ń pa á ṣáájú ọjọ́ ni omi ẹ̀gẹ́, nítorí kíkan ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n kan bíárìn rẹ̀ mọ́ ara àpótí ẹ̀gẹ́ tààrà, omi kíkan yẹn á wọ inú rẹ̀, gírísì á sì bọ́ sínú gàrí. Àlàfo ìka mẹ́ta láàárín àpótí àti bíárìn, pẹ̀lú rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń ta omi dànù lára ṣáàfù, ti tó. Kò wọ́n, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà níta kò ní in.

Irin tó ń kan ẹ̀gẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Irin lásán á dípẹtà, àwọ̀ gàrí á sì ṣókùnkùn. Sténlẹ́ẹ̀sì kì í dípẹtà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ ju ti irin lásán lọ dáadáa. Ẹnjiníà tó gbọ́n á fi sténlẹ́ẹ̀sì sí ibi tí oúnjẹ ń kàn nìkan, á fi áńgù àyọ́ọ̀nù lásán ṣe ẹsẹ̀ àti férémù, á sì kùn ún. Irú ìpinnu báyìí, tó da owó, irin àti oúnjẹ pọ̀ sínú ìṣirò kan, ni ọ̀gangan ohun tí kọ́ọ̀sì yìí ń kọ́ni.

Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, lójú tiwa, ni ti igi ìdáná. Ká mú kìlò 100 ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin, tí wọ́n ti fi jáàkì tẹ̀, tí omi inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ìdá 50 nínú 100. Bí gàrí tó bá jinná bá ní omi ìdá 10, kìlò 55.6 la máa rí, kìlò omi 44.4 sì ti bá ooru lọ. Ẹ wá jẹ́ ká tẹ ẹ̀gẹ́ kan náà sí i, kí omi rẹ̀ wálẹ̀ sí ìdá 45. Ìwọ̀n rẹ̀ kó tó dórí iná ti di kìlò 90.9, gàrí tó máa jáde kò yí padà, ṣùgbọ́n omi tí iná máa lé kù sí kìlò 35.3. Ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ iná ti kúrò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i lábẹ́ jáàkì ló ṣe bẹ́ẹ̀, láìra ẹ̀rọ tuntun kankan. Àwọn ìyá tó ń yan gàrí mọ̀ pé èyí tó bá ní omi nínú máa ń jẹ igi, ó sì máa ń di kókó nínú agbada. Ohun tí ẹnjiníà fi kún ìmọ̀ wọn ni iye rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá jáàkì tó lágbára sí i máa dá owó ara rẹ̀ padà.

Ìṣirò kan náà wà fún àgbàdo. Tọ́ọ̀nù kan tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 20, tí wọ́n bá gbẹ ẹ́ dé ìdá 13 kó má bàa bu nínú àpò, á di nǹkan bíi kìlò 920. Kìlò 80 tó lọ kì í ṣe olè, omi ni. Oníṣòwò tí kò mọ èyí á máa bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jà lásán.

Tírákítọ̀ ni gbogbo èèyàn rò pé kọ́ọ̀sì yìí dá lé, àwọn ọmọ náà sì fẹ́ràn láti ya fọ́tò lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohun èlò ìtúlẹ̀ onídíìsì 3, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ń tú ìbú mítà 0.9. Bó bá ń rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan, tí a sì yọ àkókò tó fi ń yí pọ̀ ní orí oko, éékà kan á gbà á tó wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú díẹ̀. Oko fífẹ̀ tó mọ́ nìyẹn. Ní oko ìdajì éékà, tí kùkùté àti òkúta wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé kó tó sáré ló ti ń yí, éékà kan lè gbà ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, dísẹ́ẹ̀lì kò sì bá a dín kù. Ìdí nìyí tí ẹni tó ra tírákítọ̀ láti máa yá àwọn àgbẹ̀ ní oko wẹ́wẹ́ fi ń pàdánù, bí kò bá kó àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn fara kan ara jọ kí wọ́n tó dé oko. Kí ọmọ mọ èyí ní ọdún kẹrin sàn ju kó fi owó tó yá mọ̀ ọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ omi yára sọ. Mílímítà 1 lórí hẹ́kítà kan jẹ́ lítà 10,000. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, bí ewébẹ̀ bá ń gba mílímítà 5 lójúmọ́, éékà kan ń fẹ́ nǹkan bíi lítà 20,000, ìyẹn ogún táńkì onílítà 1,000, lójoojúmọ́. Ẹni tó ṣe bọ́ọ̀hóòlù kan, tó ní òun fẹ́ fi bomi rin hẹ́kítà 5, ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ti ìlà yìí.

Títí débí, ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ náà dára, a lè fún un ní 4 nínú 5. Ibi tí máàkì ti ń já wálẹ̀ ni ohun èlò. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì lórílẹ̀-èdè yìí, kì í ṣe ìlú kan péré, ọmọ 40 lè yí ẹ̀rọ kan ká, ẹni mẹ́ta á fọwọ́ kàn án, àwọn tó kù á kọ ohun tí wọ́n rí. Ìyanṣẹ́lódì náà ti sọ ọdún 5 di 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ kíláàsì. Kí ẹ tó san owó ìgbàwọlé níbikíbi, ẹ béèrè ohun méjì: ṣé NUC àti COREN (àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀) ti fọwọ́ sí ẹ̀ka náà lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ìgbà wo sì ni ìfọwọ́sí náà máa parí? Bí ti COREN kò bá sí, ìforúkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà lè di wàhálà nígbà tó bá yá.

IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níta yunifásítì, ló lè tún ohun tí àìtó ẹ̀rọ bàjẹ́ ṣe. Oṣù 6 ni, ní ìdajì kejì ọdún kẹrin, ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìkọ́ṣẹ́, sì ń mójú tó o lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní SIWES. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó sún mọ́ ilé, kó máa ra oúnjẹ fún ọ̀gá, kó wá da àwòrán tírákítọ̀ kọ látinú íntánẹ́ẹ̀tì sínú lógbúùkù. Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí ibi gidi. Ní ọ̀nà Ìlọrin, NCAM, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Ìdòfìàn. NSPRI, tó ń ṣe ìwádìí lórí fífi irè oko pamọ́, wà ní Ìlọrin. Ní Ìbàdàn, IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà níbẹ̀ láti ọdún 1967, IAR&T, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Moor Plantation, NIHORT, ti èso àti ewébẹ̀, náà wà ní Ìbàdàn. Lọ́nà Òkè-Ògùn, ilé iṣẹ́ Psaltry ní Adó-Àwáyè ń sọ ẹ̀gẹ́ di sítáàṣì. Kí lẹ́tà tètè lọ, ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú, torí ibi tó dára kì í gba ju ọmọ díẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá rí èyíkéyìí gbà nínú wọn, kó lọ sọ́dọ̀ jórinjórin tó ń ṣe ẹ̀rọ gàrí àti ẹ̀rọ ọ̀gì. Oṣù 6 níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gé, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ṣe, ju oṣù 6 lábẹ́ fáànù lọ. Kó sáà rí i dájú tẹ́lẹ̀ pé SIWES máa gba ibẹ̀ wọlé, kí olùbẹ̀wò má bàa wá sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ àṣekágbá ọdún karùn-ún tún jẹ́ pàkúté kan. "Ṣíṣe ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀pà" tàbí ti kaṣú tàbí ti ẹ̀gúsí: àkòrí náà wuyì, ọmọ mẹ́rin á dáwó, wọ́n á gbé àwòrán fún jórinjórin, ẹ̀rọ á jáde lọ́sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dúró níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n á sì dán an wò lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú kìlò 2. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn wọ́kṣọ́ọ̀pù yunifásítì èyíkéyìí, ẹ óò rí ibojì àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí koríko ti hù láàárín wọn. Iṣẹ́ tó sàn jù kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun. Ẹ mú ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ nílùú, ẹ wọn iye tó ń ṣe ní wákàtí kan, iye tó ń bàjẹ́, iye epo tó ń mu. Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà nínú rẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Owó rẹ̀ kéré, àbájáde rẹ̀ ṣeé gbèjà níwájú ẹnikẹ́ni, ẹni tó ni ẹ̀rọ náà sì lè di oníbàárà ẹ lọ́la.

Ó wá ku iṣẹ́. Ọ̀nà tí èèyàn mọ̀ jù ni iṣẹ́ ìjọba: ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn, OYSADA, àjọ okòwò iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn àjọ odò bíi ti Ògùn-Ọ̀ṣun tó wà ní Abẹ́òkúta, àwọn ilé ìwádìí tí a dárúkọ lókè. Iṣẹ́ náà dára tó bá ṣí, kì í sì í ṣí lójoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń lọ ìyẹ̀fun, tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ, tó ń ṣe sítáàṣì, tó ń tọ́jú wàrà, gbogbo wọn ní ìgbóná, bẹ́líìtì, pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ ìgbẹ ọkà, iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ìpolówó wọn, "Mechanical tàbí Electrical" ni wọ́n máa ń kọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn lé yín. Nínú lẹ́tà yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ka. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ lè ṣe: yíyan bíárìn àti bẹ́líìtì, ìṣirò ooru ìgbẹ ọkà, yíya àwòrán lórí AutoCAD tàbí SolidWorks. Ẹni tí kò mọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìyàwòrán yìí dé ọdún karùn-ún ti fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ilé adìyẹ ni ọ̀nà tí wọ́n gbàgbé jù, owó sì wà níbẹ̀. Oníṣòwò tó ń kọ́lé fún ẹgbẹ̀rún adìyẹ 5 ń fẹ́ ẹni tó lè sọ fún un pé kí ilé náà nà láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn má bàa máa wọlé láti ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀. Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Kí òrùlé ga, kí ooru lè ríbi jáde lókè. Bíríkìlà kì í sábà ro èyí. Ooru oṣù kẹta ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni ọjọ́ tí adìyẹ ń kú.

Ẹni tó bá fẹ́ dá wọ́kṣọ́ọ̀pù tirẹ̀ sílẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ dára fún un ju Èkó lọ, torí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ wà nítòsí, ilẹ̀ kò sì wọ́n tó ti Èkó. Kó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ mẹ́wàá. Kó mú ẹ̀rọ gàrí kan, kó sọ ọ́ di èyí tó dáa jù ládùúgbò, kó sì tọ́jú bíárìn, bẹ́líìtì àti páànù ìlù sílẹ̀ fún títà. Títún un ṣe ló ń mú oúnjẹ oṣù wá. Ẹ̀rọ tuntun kì í tà lójoojúmọ́. Jórinjórin tó ti wà níbẹ̀ fún ogún ọdún á tà á ní owó tó kéré ju tirẹ̀ lọ. Ohun tí ẹnjiníà á fi borí rẹ̀ ni kí ẹ̀rọ rẹ̀ má máa bàjẹ́ ní ọjọ́ ọjà, kó sì lè kọ iye ẹ̀gẹ́ tó ń rin ní wákàtí kan sílẹ̀, kó sì rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, ìrìn àjò kò tíì tán. Kò sí ẹni tí òfin gbà láàyè láti máa pe ara rẹ̀ ní Engr. kí COREN tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń béèrè ọdún 4 ìrírí lẹ́yìn ìjáde. Kí ọmọ dara pọ̀ mọ́ NIAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà tó wà láti ọdún 1975, nígbà tó ṣì ń kàwé. Ìpàdé wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gbọ́ nípa iṣẹ́ kó tó dé ìwé ìròyìn.

A kò ní gba ọmọ tó kórìíra ìṣirò nímọ̀ràn láti ra ọjà yìí, bó ti wù kó fẹ́ràn oko tó; kó lọ kọ́ Agronomy tàbí Animal Science, ibẹ̀ ló máa gbádùn. Ẹni tó ń wá owó oṣù ńlá ní ọdún kìíní lẹ́yìn NYSC náà, kó tún èrò rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó máa ń tú rédíò wò láti kékeré, tí kò bẹ̀rù kí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí, tó sì lè jókòó ti ìṣirò, 4 nínú 5 la fún un níbí, pẹ̀lú àdéhùn kan: kó lo ìlú náà gẹ́gẹ́ bíi wọ́kṣọ́ọ̀pù. Ẹni tó bá fi ọdún 5 mọ ọ̀nà kíláàsì àti Under G nìkan, 2 ni tirẹ̀.

Fún àwọn tó ti rí ìgbàwọlé, ohun tí ẹ máa rà ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́ kò pọ̀: bọ́ọ̀dù ìyàwòrán pẹ̀lú T-square, ẹ̀wù wọ́kṣọ́ọ̀pù, bàtà tó ní irin níwájú, ẹ̀rọ ìṣirò onísáyẹ́ǹsì, téèpù ìwọ̀n mítà 5, àti vernier caliper, ohun èlò tí a fi ń wọn ìbú irin. Caliper onírin ni kí ẹ rà. Oníke tí wọ́n ń tà lọ́wọ́ pọ́ọ́kú, ẹnu rẹ̀ á tẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta, á sì máa sọ fún yín pé mílímítà 29.6 ni ṣáàfù 30.